Ìbò Èkó, Àga Ìbàdàn: Bàbá Tíṣà Dáhùn Ìbéèrè Yín

Lẹ́tà lórí ìdìbò Èkó láyé òyìnbó pọ̀ nínú àpò wa lóṣù yìí. Mo ti yà wọ́n sọ́tọ̀, mo sì fi gbogbo ojú ìwé mi fún wọn. Ẹ̀yin tó béèrè nípa oyè àti ilẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe sùúrù di oṣù tó ń bọ̀.

*Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Tíṣà. Níbi ìkómọ kan ní Mushin ni ìjà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́ sílẹ̀. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, tó jẹ́ ọmọ Ìgbò, ní àwa Yorùbá Èkó la kọ̀ láti dìbò fún Zik ní 1951, torí pé kì í ṣe ẹ̀yà wa. Bọ̀dá wa kan dá a lóhùn pé irọ́ ni, pé Zik jáde fún ìbò, ó sì fìdí rẹmi bí ẹnikẹ́ni ṣe lè fìdí rẹmi. Àwọn méjèèjì ń pariwo, àwo ìrẹsì wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló sọ òótọ́? Ọmọ yín obìnrin, Mushin.*

Ọmọ mi, kò sí èyí tó sọ òótọ́ nínú wọn. Zik wọlé. Àwọn ará Èkó dìbò fún un, wọ́n sì dìbò fún àwọn mẹ́rin mìíràn tí ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé kalẹ̀. Ẹ sọ èyí fún ọkọ ẹ̀gbọ́n yín kó tó jẹun tán, kí ẹ sì sọ ọ́ fún bọ̀dá yín náà.

Bó ṣe rí nìyí. Ní 1951, ìwé òfin tuntun tí a ń fi orúkọ Gómìnà Macpherson pè da Èkó pọ̀ mọ́ Ìwọ̀-Oòrùn. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn wà ní Ìbàdàn, àga 80 ni àwọn tí a dìbò yàn máa jókòó sí níbẹ̀, márùn-ún nínú wọn sì jẹ́ ti Èkó. NCNC, ẹgbẹ́ Zik, ló kó márààrún. Àwọn tó wọlé ni Nnamdi Azikiwe, Zik yìí gan-an, ọmọ Onitsha; Adélékè Adédoyin, ọmọ ọba láti Rẹ́mọ; T. O. S. Benson, ọmọ Ìkòròdú; Dókítà Ìbíyínká Ọlọ́runnímbẹ, Mùsùlùmí ọmọ Èkó tó jẹ́ Méyọ̀ ìlú nígbà náà; àti H. P. Adébọ́lá, ẹni ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè. Action Group ti Awólọ́wọ̀ kò rí ẹyọ àga kan gbà ní Èkó. Yorùbá ló pọ̀ jù nínú àwọn tó dìbò yẹn, ẹ má gbàgbé. Àwọn ni wọ́n fi ọmọ Ìgbò kan ránṣẹ́ sí Ìbàdàn kó lọ ṣojú wọn.

Nígbà náà, ibo ni ọ̀rọ̀ ti wọ́? Nínú ìwé òfin yẹn kan náà ni. Lábẹ́ òfin 1951, kò sí ará ìlú tó ń dìbò tààrà fún ẹni tó máa lọ sí Ilé Aṣojú-ṣòfin ti gbogbo Nàìjíríà. Ilé kọ̀ọ̀kan ní ẹkùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń yan lára àwọn ọmọ ilé fúnra wọn. Ènìyàn 34 ni Ìwọ̀-Oòrùn ní ẹ̀tọ́ sí: 31 láti Ilé Aṣòfin, mẹ́ta láti ọ̀dọ̀ àwọn lọ́balọ́ba. Òfin ní méjì nínú wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ilé tó wá láti Èkó. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn ará Èkó ló máa yan méjì yẹn. Gbogbo ilé ni, àwọn 80. Aṣojú láti Èkìtì, láti Oǹdó, láti Benin àti Warri (nítorí Ìwọ̀-Oòrùn ló kó gbogbo wọn nígbà náà), àwọn ni wọ́n máa sọ èwo nínú àwọn ọmọ Èkó márùn-ún ló ń lọ, èwo ló ń dúró.

Mo máa ń kọ nọ́ńbà méjì yẹn gàdàgbà sójú pátákó fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, 80 àti 5, mo sì máa ń ní kí wọ́n tẹjú mọ́ ọn kí a tó dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí òfin bá fún ní ìbò ìkẹyìn ló ni àga. Ìbò àwọn ará Èkó gbé Zik dé Ìbàdàn, kò sì lè gbé e kọjá ibẹ̀.

NCNC mọ èyí. Wọ́n fẹnu kò pé Zik àti Adédoyin ni kó lọ, kí àwọn mẹ́ta tó kù fà sẹ́yìn. Bí orúkọ méjì péré bá wà nílẹ̀, ilé kò ní ohun tó máa ṣà jọ. Benson fà sẹ́yìn, Adébọ́lá fà sẹ́yìn. Ọlọ́runnímbẹ ní òun kò ní fà sẹ́yìn. Orúkọ wá di mẹ́ta fún àga méjì, ìbò sì di dandan. Action Group ló ní ènìyàn jù nínú ilé, wọ́n sì mú Adédoyin àti Ọlọ́runnímbẹ. Oṣù kìn-ín-ní 1952 nìyẹn. Zik, olórí ẹgbẹ́, ẹni tí gbogbo orílẹ̀-èdè mọ̀, ló wá ṣẹ́kù sí Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bí olórí àwọn alátakò, nígbà tí ọ̀rọ̀ Nàìjíríà ń lọ ní Èkó níbi tí wọ́n ti dìbò fún un. Ní 1953 ó padà sí Ìlà-Oòrùn, ó gba àga láti Onitsha, ó sì di olórí ìjọba ibẹ̀ ní 1954.

Ṣé Action Group mọ ohun tí wọ́n ń ṣe? Wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa. Wọ́n rí àyè láti ti olórí ẹgbẹ́ kejì mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n sì lò ó. Mi ò ní bò ó fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani: bí Dókítà Ọlọ́runnímbẹ bá pa àdéhùn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́, ìbò 80 kì bá ti rí ibi ẹsẹ̀ gbé. Ẹni tó sì wọlé dípò Zik, NCNC lòun náà. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ pè é ní ìjà Yorùbá àti Ìgbò, kó kọ́kọ́ ṣàlàyé fún mi ohun tí ọmọ ẹgbẹ́ Zik fúnra rẹ̀ ń wá nínú ìwé ìbò lọ́jọ́ yẹn.

Ohun kan tún wà tó ń da àwọn ènìyàn lójú rú. Àwọn aṣòfin tó fò sọdá láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ kan bọ́ sí èkejì ní Ìbàdàn, tí gbogbo ayé ń sọ títí dòní, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Ìyẹn jẹ mọ́ ta ló máa ṣe ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Lẹ́yìn odi Èkó, ìdìbò 1951 kì í ṣe tààrà. Àwọn ará abúlé máa ń yan ènìyàn, àwọn yẹn á tún lọ yan ẹlòmíì lókè. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wọlé báyìí ni kò jáde lórúkọ ẹgbẹ́ kankan. Kí ilé tó jókòó, ẹgbẹ́ méjèèjì ti ń pe àwọn ènìyàn kan náà ní tiwọn. Nínú àwọn mẹ́fà tí ẹgbẹ́ ìlú Ìbàdàn mú wọlé, márùn-ún bá Awólọ́wọ̀ lọ. Adégòkè Adélabú nìkan ló dúró ti NCNC. Bí ẹ bá fẹ́ jà lórí iye ẹni tó fò, ẹ lè jà dalẹ́. Àmọ́ kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó jẹ́ ọmọ ilé láti Èkó, àga márùn-ún Èkó kò sì kúrò lọ́wọ́ NCNC lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n tún fi méjì kún un, kí bọ̀dá àti ọkọ ẹ̀gbọ́n yín lè jọ gbọ́ ọ.

Ní 1947, nígbà tí Èkó ṣì ní àga mẹ́ta péré nínú Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ti gbogbo orílẹ̀-èdè, àwọn ará Èkó ti yan Zik nígbà yẹn náà, òun pẹ̀lú Adédoyin àti Ọlọ́runnímbẹ. Àwọn mẹ́ta kan náà ni Ìbàdàn wá mú méjì nínú wọn, tí wọ́n fi ọ̀kan sílẹ̀, lọ́dún márùn-ún lẹ́yìn náà!

Ṣáájú ìyẹn, ní 1941, Dókítà Kòfó Abáyọ̀mí fi àga rẹ̀ sílẹ̀, ó ti lọ kọ́ iṣẹ́ ojú sí i ní ìlú òyìnbó. Ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́, Nigerian Youth Movement, ló ni àga náà. Àwọn méjì ló fẹ́ ẹ: Ernest Ikoli, akọ̀ròyìn, ọmọ Ijaw láti Nembe, àti Samuel Akíṣànyà, ọmọ Ìjẹ̀bú Rẹ́mọ tó wá di Ọdẹ́mọ Ìṣarà. Wàyí o, ta ni Awólọ́wọ̀, ọmọ Rẹ́mọ bíi ti Akíṣànyà, tì lẹ́yìn? Ikoli ni. Ta ni Zik tì lẹ́yìn? Akíṣànyà, ọmọ Yorùbá. Ikoli ló wọlé. Ìjà yẹn ló sì fọ́ ẹgbẹ́ náà: Zik bínú jáde, ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú bá a jáde. Wọ́n ní ẹ̀tanú sí àwọn Ìjẹ̀bú ló ti Akíṣànyà sẹ́yìn. Ẹ wò ó, ọmọ Ìgbò ń gbèjà ọmọ Ìjẹ̀bú nítorí ẹ̀tanú tí àwọn Yorùbá mìíràn ní sí i. Ta ló máa fi èyí sínú ìtàn tí wọ́n ń pín kiri lórí fóònù nígbà gbogbo tí ìdìbò bá ti ń bọ̀?

Ó ń dùn mí, ọmọ mi. Ìtàn 1951 ti di òkúta tí wọ́n ń sọ lu ara wọn, àwọn tó sì ń sọ ọ́ kò bi ara wọn léèrè ẹni tó dìbò, ibi tí wọ́n ti dì í, àti ẹni tí wọ́n dì í fún. Àwọn bàbá wa ní Èkó kò jẹ gbèsè nínú ọ̀ràn yẹn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ Yorùbá tàbí Ìgbò, gba ìyẹn lọ́wọ́ wọn.

*Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Abẹ́òkúta. Nínú ìdílé wa, wọ́n máa ń sọ pé ìyá tó bí ìyá ìyá mi ń tajà ní Ọjà Eréko, pé ó sì dìbò fún ẹgbẹ́ Macaulay. Ṣé obìnrin máa ń dìbò ní 1923?*

Rárá o. Ìyá yín lè ti dáwó, kó ti kọrin, kó ti pa ọjà dé nítorí Macaulay, ṣùgbọ́n kò dìbò fún un. Òfin kò gbà á láyè.

Òfin Gómìnà Clifford ti 1922 ló kọ́kọ́ mú ìdìbò wá: àga mẹ́ta fún Èkó, ọ̀kan fún Calabar, ó tán. Ní oṣù kẹsàn-án 1923 ni wọ́n dì í. Kí ènìyàn tó lè dìbò, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọkùnrin, kó ti pé ọmọ ọdún 21, kó ti gbé ìlú fún oṣù méjìlá, kí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún sì tó 100 pọ́ùn. Ọgọ́rùn-ún pọ́ùn, nígbà yẹn! Akọ̀wé kékeré kò ní in, apẹja kò ní in, káfíńtà kò ní in. Ìlú tí ènìyàn rẹ̀ sún mọ́ 100,000, àwọn lọ́yà, dókítà, oníṣòwò ńlá àti àwọn àgbà akọ̀wé ló ń yan fún un. Àwọn tó wọlé lọ́dún yẹn ni Egerton Shyngle, Eric Ọláwọlú Moore àti Dókítà C. C. Adéníyì-Jones, gbogbo wọn láti inú ẹgbẹ́ tí Herbert Macaulay dá sílẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà, NNDP.

Ohun tó ya àwọn òyìnbó lẹ́nu ni pé ẹgbẹ́ tó kó ìbò àwọn olówó jẹ́ ẹgbẹ́ tí àwọn tí kò ní ìbò ń gbé lárugẹ. Ọ̀rọ̀ Èṣùgbàyí Elékò, Ọba Èkó, ló so wọ́n pọ̀. Ìjọba yọ ọba lóyè ní 1925, wọ́n lé e lọ sí Ọ̀yọ́, kò sì padà sí Èkó títí di 1931. Macaulay kò dákẹ́ ní gbogbo àkókò yẹn. Àwọn ìyá ọjà, tí Alimotu Pẹlẹ́wùrà ti Eréko ṣáájú wọn, dúró tì í gbágbáágbá. Bí ìyá ọjà kan kò bá lè dìbò, ó ní ọkọ, ó ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, ó ní oníbàárà tó jẹ́ lọ́yà. Gbogbo wọn ló ń gbọ́ ẹnu rẹ̀ kí wọ́n tó lọ dìbò. Ní 1928 àti 1933, ẹgbẹ́ Macaulay ló tún wọlé. Ní 1938 ni àwọn ọ̀dọ́ tó gba àga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́wọ́ wọn.

Èyí tó máa ń bí mi nínú jù ni ti 1940. Ìjọba tí kò ka obìnrin kún olùdìbò wá kà á kún ẹni tó yẹ kó san owó orí: obìnrin tí owó rẹ̀ bá ti kọjá 50 pọ́ùn lọ́dún. Pẹlẹ́wùrà àti àwọn ènìyàn rẹ̀ tú síta, wọ́n lọ bá Gómìnà Bourdillon, ó sì gbé e dé 200 pọ́ùn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbò ṣì di ọdún mẹ́wàá sí i.

Ní 1947 wọ́n dín 100 pọ́ùn kù sí 50, síbẹ̀ ọkùnrin nìkan ni. Ìgbà tí obìnrin Èkó kọ́kọ́ dìbò ni 1950, fún Ìgbìmọ̀ Ìlú Èkó, nígbà tí wọ́n mú ọ̀rọ̀ owó kúrò pátápátá. Màmá mi wà níbẹ̀. Ó ní èmi lòun pọ̀n lọ, pé òun àti ìyálé òun jọ tò, àwọn tó ń ta ẹja ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ sì gbé igbá sílẹ̀ wá tò pẹ̀lú wọn. Ẹgbẹ́ Zik àti àwọn ọmọlẹ́yìn Macaulay ló kó àga 18 nínú 24 lọ́jọ́ yẹn. Bí ìyá ìdílé yín bá ṣì wà láyé ní 1950, ìbò ìgbà náà ló ṣeé ṣe kí wọ́n máa sọ.

*Àbúrò mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Láfíàjí ni wọ́n bí mi sí, mo sì dìbò ní 1959. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Ìkẹjà àti Ẹ̀pẹ́ máa ń dìbò fún ilé Ìbàdàn, tiwa kì í sí níbẹ̀. A kò bi wọ́n nígbà náà. Kí ló fà á?*

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun. Ẹ̀yin gan-an lẹ wà nínú ọ̀rọ̀ tí àwọn ìwé ìtàn máa ń fò kọjá.

Àga márùn-ún tí mo sọ lókè yẹn kò pé ọdún mẹ́ta. Ní ìpàdé London ti 1953, wọn kò rí Èkó pín. Awólọ́wọ̀ ní ti Ìwọ̀-Oòrùn ni, àwọn tó kù ní ti gbogbo Nàìjíríà ni. Oliver Lyttelton, mínísítà òyìnbó tó ń bójú tó àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń jọba lé, dá ẹjọ́ náà: kí wọ́n yọ ìlú Èkó kúrò lára Ìwọ̀-Oòrùn, kó di ti ìjọba àpapọ̀. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá 1954 ló bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi Ìkẹjà, Ẹ̀pẹ́, Ìkòròdú àti Àgbádárìgì sílẹ̀ fún Ìbàdàn. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀rẹ́ yín fi ń dìbò sí Ìbàdàn ní 1956, ní 1960, àti ní 1965 tí ilé ń jó tí ọ̀nà ò ṣeé gbà. Ilé Aṣojú-ṣòfin nìkan lẹ̀yin ń dìbò sí, pẹ̀lú ìgbìmọ̀ ìlú. Òfin tó kan ọjà Jankara àti gọ́tà Láfíàjí, àwọn aṣojú láti gbogbo Nàìjíríà ló ń ṣe é. Mínísítà fún ọ̀rọ̀ Èkó nígbà kan ni Musa Yar'Adua, ọmọ Katsina. Mi ò sọ pé kò ṣe dáadáa o. Mo ń sọ pé kò sí ará Láfíàjí kan tó lè fi ìbò mú un wá tàbí fi ìbò lé e lọ.

Ìpínlẹ̀ Èkó dé ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún 1967, ṣùgbọ́n sójà ló wà lórí oyè, kò sí ilé aṣòfin. Ọdún 1979 ni Èkó tó ní ilé aṣòfin tirẹ̀, nígbà tí Jákàńdè jẹ́ gómìnà. Láti 1954 sí 1979, ẹ̀gbọ́n, ọdún 25 ni Ìsàlẹ̀ Èkó, Láfíàjí, Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta àti Yábàá fi wà láìní ẹnì kan nínú ilé aṣòfin ẹkùn tàbí ti ìpínlẹ̀ kankan. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí àga Ìbàdàn dópin ti tó bímọ kí wọ́n tó rí òmíràn. Lónìí, àga 40 ló wà nínú ilé aṣòfin tó wà ní Alausa, méjì fún ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú ogún. Ẹ bi àwọn ọmọ yín kí wọ́n dárúkọ àwọn méjì tiwọn fún yín. Mo ti ń bi àwọn èèyàn káàkiri àdúgbò wa, ìdáhùn tí mò ń rí gbà kò dùn mọ́ mi.

*Ṣé Macaulay fúnra rẹ̀ jókòó sí àga Èkó nínú Ìgbìmọ̀ Aṣòfin rí? Òǹkàwé kan, Ìjẹ̀bú Òde.*

Kò jókòó síbẹ̀ rí. Wọ́n ti dá a lẹ́bi nílé ẹjọ́ ní 1913, wọ́n sì tún rán an lọ sẹ́wọ̀n ní 1928 nítorí ohun tí ìwé ìròyìn rẹ̀ kọ lórí ọ̀rọ̀ Elékò. Òfin kò gba ẹni tó bá ti ṣẹ̀wọ̀n láyè láti jáde. Àwọn ẹlòmíì ló ń gbé kalẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 1946 ló kú. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni Zik, Adédoyin àti Ọlọ́runnímbẹ gba àga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà lábẹ́ àsíá ẹgbẹ́ tó dá sílẹ̀.